Yàrá Méje, Aago Dúdú àti Ẹni Tó Wà Níta: Ìwádìí Lórí Kíkọ́ Ìtàn Àkàwé ní Tunga

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ yìí: pé ìtumọ̀ ìtàn àkàwé kì í gbé inú àwọn nǹkan tí òǹkọ̀wé dárúkọ nìkan. Lọ́dọ̀ ẹni tí ìtàn náà ti ilẹ̀kùn mọ́ síta ló sábà máa ń fara pamọ́ sí. Tunga, ní ìlú Minna, ni mo ti rí ẹ̀rí rẹ̀, nínú yàrá kan tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní lítíréṣọ̀ bí wọ́n bá jáde ilé-ìwé. Lẹ́sìnnì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìwé tí a lò ni ìtàn kúkúrú tí Edgar Allan Poe, ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde nínú Graham's Magazine ní oṣù Karùn-ún ọdún 1842, èyí tí a mọ̀ lónìí sí The Masque of the Red Death. Ijó Ìbòjú Ikú Pupa lèmi ń pè é.

Kí a mọ ibi tí a dúró sí ná. Lédè Haúsá, tunga ni aba, ibùdó àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú. Tunga tòní kì í ṣe aba mọ́, ó ti di ara Minna gan-an. Nínú àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi, Gbagyi wà, Tápà wà, Haúsá wà, Ìgbò wà, àwọn ọmọ Yorùbá tí baba ńlá wọn bá rélùwéè dé láti Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ náà wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kàwé, Haúsá la fi ń jiyàn. Ìlú wa yìí náà ni àjọ ìdánwò NECO kọ́ olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìdánwò kì í jìnnà sí ẹnu wa.

A kì í túmọ̀ àlá tí a kò tíì rọ́, ẹ jẹ́ kí n rọ́ ọ. Àjàkálẹ̀ àrùn kan ń run ilẹ̀ kan. Ẹni tó bá mú, ìrora á gbé e, òòyì á kọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ṣẹ́ jáde lára rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ju ààbọ̀ wákàtí lọ. Ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Prospero ṣa ẹgbẹ̀rún ọ̀rẹ́ tí ara wọn yá gágá jọ, ó kó wọn wọ ilé òkúta olódi kan. Wọ́n gbé iná àti òòlù ńlá wá, wọ́n jó irin ilẹ̀kùn pọ̀. Nígbà tó di bí oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, ọmọ ọba pe gbogbo wọn sí ijó ìbòjú nínú yàrá méje tó tò láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Yàrá ìkeje dúdú, gíláàsì fèrèsé rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, aago onígi dúdú kan sì wà lára ògiri rẹ̀. Ní wákàtí wákàtí, bí aago bá ti lù, onílù á dákẹ́, oníjó á dúró, ojú gbogbo wọn á yí padà. Bó bá ti dákẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀gànjọ́, wọ́n rí àlejò kan láàrin ara wọn, tó wọ aṣọ òkú, tó fi ẹ̀jẹ̀ tọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí Ikú Pupa pa. Ọmọ ọba fa ọ̀bẹ yọ, ó lé e la yàrá mẹ́fà kọjá, inú yàrá dúdú ló ṣubú sí, tó kú. Àwọn yòókù rọ́ lu àlejò náà, wọ́n gbá a mú. Aṣọ nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo wọn kú tán, aago dákẹ́, iná inú ilé kú.

Ó kan ọ̀rọ̀ lórí ohun tí àkàwé jẹ́. Àwọn baba wa ti mọ iṣẹ́ yìí kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé ìwé dé. Àrokò ni. Bí ẹnìkan bá so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ okùn ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni. Ohun tó ń wí ni pé ọkàn òun fà sí ọ. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni. Ó ń wí pé ọ̀rọ̀ yín jọra. Charles Andrew Gollmer, míṣọ́nnárì CMS tó gbé Badagry àti Èkó, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí iṣẹ́ àrokò tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1885. Ohun tí mo fẹ́ kí olùkọ́ kíyè sí nínú rẹ̀ ni pé kò sí owó ẹyọ tó ń dá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ránṣẹ́, ẹni tí a ránṣẹ́ sí, àti ohun tó ti wà láàrin wọn kí okùn náà tó kúrò nílé, àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ló ń túmọ̀ rẹ̀. Bí ó bá já sọ́wọ́ ẹlòmíràn lójú ọ̀nà, owó lásán ló rí. 

Àkọsílẹ̀ ìdáhùn ni wọ́n fi ń kọ́ ìtàn Poe ní ọ̀pọ̀ ibi. Yàrá àkọ́kọ́ jẹ́ ìbí, èkejì ìgbà èwe, ẹ̀kẹta ìdàgbàsókè, ẹ̀kẹrin ọ̀sán ayé, ẹ̀karùn-ún ogbó, ẹ̀kẹfà àìsàn ìkẹyìn, ìkeje ikú. Ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, á há a sórí. Poe kò kọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Àwọn òǹkàwé ló fi lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn àkàwé. Nínú àyẹ̀wò tó ṣe lórí iṣẹ́ Nathaniel Hawthorne nínú Godey's Lady's Book ní 1847, ó bá a wí nítorí pé àkàwé pọ̀ jù nínú ìwé rẹ̀. Tí ẹni tó kọ́ ilé kò bá fún wa ní kọ́kọ́rọ́, kò yẹ kí a rọ kọ́kọ́rọ́ ayédèrú fún ọmọ ọlọ́mọ.

Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-ìwé kan tí irú àkọsílẹ̀ yìí wà lára ògiri ọ́fíìsì. Ọmọkùnrin kan kọ sínú ìdánwò rẹ̀ pé yàrá funfun ni yàrá ikú. Wọ́n fi bíírò pupa fa ilà sí i, òdo. Èmi ni mo dá ìwé náà padà fún un, mi ò sì sọ nǹkan kan. Ó ń dùn mí títí di òní, nítorí ọmọ mùsùlùmí ni, ó sì ti dúró níbi tí wọ́n ti ń fi likkafani di òkú bàbá rẹ̀. Funfun báláú ni aṣọ náà. Ní Tunga, bí a bá rí aṣọ funfun tí a ká sílẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì mọ́sálásí, a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà kò ṣìnà rárá. Ó ka ìtàn náà pẹ̀lú ojú ẹni tí a ránṣẹ́ sí.

Nípa àwọ̀, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ́ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni èdè Yorùbá ti kọ́ mi ní ohun tí ìwé kò kọ́ mi. Bí Poe ṣe tò wọ́n nìyí: búlúù, elése àlùkò, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, funfun, elése àlùkò mìíràn tó súnmọ́ aró, lẹ́yìn náà dúdú. Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ méjì fún yàrá kejì àti ìkẹfà. Ẹyẹ àlùkò kan ṣoṣo làwa ní fún méjèèjì, àfi kí a sọ pé èkejì jẹ́ àlùkò tó wà lábẹ́ òjìji. Ọ̀nà mẹ́ta ni Yorùbá àtijọ́ pín àwọ̀ sí: funfun, pupa, dúdú. Lékeléke ló ni ẹfun, àlùkò ló ni osùn, àgbe ló ni aró. Ewé tó tutù yọ̀yọ̀, dúdú la ń pè é. Ọsàn tó pọ́n, pupa ni. Tí a bá wá fi ojú mẹ́ta yìí wo ilé Prospero, ohun kan á hàn tí àkọsílẹ̀ ìdáhùn kò rí: yàrá àkọ́kọ́ àti yàrá ìkẹyìn, aró ni méjèèjì. Ẹni tó bá ti dúró ti ìkòkò aró ní Abẹ́òkúta, tàbí ti kòtò aró Kofar Mata ní Kano, mọ̀ pé aṣọ tí a rì bọ inú aró lẹ́ẹ̀kan máa ń jáde ní búlúù fífẹ́lẹ́. Bí a bá rì í lẹ́ẹ̀kejì, ó jinlẹ̀ sí i. Bí a bá rì í léraléra, ó di dúdú kirikiri. Ìkòkò kan náà ni, aṣọ kan náà ni. Nítorí náà, mo gbé e kalẹ̀ pé yàrá dúdú kì í ṣe àjèjì tó dúró ní ìpẹ̀kun ilé. Yàrá àkọ́kọ́ ni, tí a ti rì bọ inú aró láìmọye ìgbà. Mo fi aṣọ àdìrẹ kan han àwọn ọmọ náà, mo sì dákẹ́. Àwọn fúnra wọn ló rí i.

Wọ́n tún rí ìyókù. Poe sọ pé yàrá wọ̀nyí kò tò gúnrégé. Ní ogún sí ọgbọ̀n yáàdì, ọ̀nà á ṣẹ́ kọ́nà, ojú kò lè rí ju yàrá kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ Haúsá kan ní ẹni tó bá ń lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn nínú ilé náà ti kọ ẹ̀yìn sí ibi tí a ń kọjú sí kírun láti Minna. Kò sí nínú ohunkóhun tí Poe ní lọ́kàn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì tó gbàgbé ibi tí aago wà.

Nípa aago, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Poe ka wákàtí kan sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé ẹgbẹ̀ta ìṣẹ́jú àáyá, ó fẹ́ kí a mọ bí ìgbádùn ṣe gùn tó láàrin ìlù aago kan sí èkejì. Ọmọ Tunga tó bá ti wà níbi ìgbéyàwó tí iná NEPA lọ lójijì mọ ìdákẹ́jẹ́ náà: gbohùngbohùn kú, gbogbo ènìyàn wo ojú ara wọn, títí ẹnìkan fi fa okùn jẹnẹrétọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ló wúwo. Mo kó àwọn ọmọ náà jáde lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ẹ̀bá títì tó ń ṣe géètì, a dúró ní ọ̀ọ́kán kí iná má baà fọ́ wa lójú. Irin méjì ló ń jó pọ̀. Mo bi í bóyá kọ́kọ́rọ́ lè ṣí ohun tó jó pọ̀ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àfi kí a gé e. Bí a ṣe padà dé inú yàrá, mo ka ibi tí Poe ti sọ ìdí tí wọ́n fi jó ilẹ̀kùn pa: kì í ṣe kí ẹni ìta má wọlé nìkan, ó tún jẹ́ kí ẹni inú má lè jáde bí ọkàn rẹ̀ bá ṣàdédé rẹ̀wẹ̀sì. Orúkọ Prospero, láti inú èdè Látìn, Aláásìkí ló túmọ̀ sí. D. O. Fagunwa náà mọ iṣẹ́ orúkọ báyìí nígbà tó pe ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé 1938, ní Ìmọ̀dóye. Aláásìkí jó ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Ibi yìí ni ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ti na ọwọ́ sókè.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń dáná fún wọn?"

Mo ti ń kọ́ ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ṣí ìwé, mo wá a. Aláwàdà wà níbẹ̀, akéwì wà, oníjó wà, onílù wà, ẹwà wà, ọtí wà. Poe sọ pé oúnjẹ pọ̀ nínú ilé náà. Kò sọ ẹni tó sè é. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn, bí oṣù márùn-ún: ta ló ń pọn omi? Ta ló ń da ìdọ̀tí nù, níwọ̀n bí ilẹ̀kùn kò ti ní ìta mọ́? Àwọn ọmọ náà kò ní láti ronú jìnnà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà múlẹ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di oṣù Kẹta, ilé-ìwé ti tì. Géètì pa dé ní àdúgbò wa, ṣùgbọ́n mai ruwa, ẹni tó ń ta omi, ṣì ń ti ọmọlanke rẹ̀ tòun ti kẹ́ẹ̀gì omi láti ojúlé dé ojúlé. Kò sí ẹni tó gbà á láyè wọlé, kò sì sí ẹni tó lè gbé láìsí i. A máa ń ṣí géètì ní ìwọ̀n fífẹ̀ kẹ́ẹ̀gì kan.

Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí ìyá ìyá mi. Bí òun bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ṣànpọ̀nná, kì í dárúkọ rẹ̀ láéláé. Ilẹ̀gbóná ló ń wí, tàbí Ọbalúayé, tàbí Alápadúpẹ́, nítorí bí ó bá pa ọmọ ẹni, ọpẹ́ la gbọ́dọ̀ dú. Orúkọ tó máa ń sọ jù ni Olóde. Oní-òde, ẹni tó ni ìta. Nàìjíríà rí ẹni ìkẹyìn tí àrùn náà mú ní 1970, àjọ ìlera àgbáyé sì kéde ní 1980 pé ó ti tán láyé. Orúkọ náà ni kò tán. Ẹ wo ohun tí Yorùbá fi orúkọ kan ṣe: ó sọ fún ọ pé bí o bá ti ilẹ̀kùn, o kò lé àrùn lọ, o kàn fi gbogbo ìta lé e lọ́wọ́ ni. Lójú mi, kò sí àlàyé kankan lórí ìtàn Poe, láti Amẹ́ríkà dé ibi yòówù, tó ju orúkọ yìí lọ.

Ẹnìkan lè takò mí pé àwọn ohun tí kò sí nínú ìwé ni mò ń kó wọ inú rẹ̀. Ó lè ní Virginia, ìyàwó Poe, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1842 nítorí ikọ́ ife, oṣù mẹ́rin kí ìtàn náà tó jáde, pé ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti wá. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ fún àwọn ọmọ náà pé ó ṣẹlẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé obìnrin náà kú ní 1847. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìdáhùn. Ìbànújẹ́ ẹni tó ránṣẹ́ wà nínú àrokò lóòótọ́. Kì í ṣe òun nìkan ni àrokò ń sọ.

Ó ku àlejò náà. Ní 1842, Mask ni Poe kọ sí orí ìtàn rẹ̀, ìbòjú. Nígbà tó tún un tẹ̀ ní 1845, ó yí i sí Masque, ijó aláṣọ ìbòjú. Ó ní láti mú ọ̀kan. Nínú èdè wa, eégún ni aṣọ, eégún ni ẹni tó wà nínú rẹ̀, eégún sì ni ọdún tí a ń ṣe. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni bí kíláàsì ṣe gbọ́ ibi tí wọ́n ti bá aṣọ òfìfo lọ́wọ́. Àwọn kan pariwo. Ọmọbìnrin Tápà kan jókòó jẹ́jẹ́. Àwọn ará Èkó mọ Igunnukó, aṣọ gíga fíofío tó ń ga, tó ń kúrú, tó ń yí bí òòyì, tó sì lè wó lulẹ̀ pẹlẹbẹ bí àpò tí a tú ohun inú rẹ̀ dànù. Tápà ló ni ín. Ndako Gboya ni wọ́n ń pè é nílé, Siegfried Nadel sì kọ nípa rẹ̀ nínú Nupe Religion ní 1954. Ọmọbìnrin náà kò rí ìyanu kankan nínú pé kò sí ènìyàn nínú aṣọ. Ohun tó dun òun ni pé wọ́n fọwọ́ kàn án.

"Wọn ò bi í léèrè ohun tó bá wá," ló wí.

Mo wo ìwé. Òótọ́ ni. Ọmọ ọba bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó yí i ká pé ta ló láyà báyìí, ó pàṣẹ kí wọ́n mú un, kí wọ́n tú ìbòjú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn yóò so kọ́. Kò sí ẹni tó bá àlejò náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ìtàn náà, òun nìkan ló ti ìta wá.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo fún wọn ní ọjọ́ ìkẹyìn jẹ́ ìbéèrè ọmọkùnrin yẹn: kọ ìtàn ẹni tó ń dáná. Òun náà ló kọ èyí tí mo ṣì fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ mi. Àwọn àgbà Gbagyi ló ń sọ ọ́ pé orúkọ Minna wá láti ara títan iná kálẹ̀: ní alẹ́ ọjọ́ tí ọdún bá parí, wọ́n á pa gbogbo iná àtijọ́, nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á dá iná tuntun, wọ́n á pín in láti ilé dé ilé. Ọmọ Gbagyi ni ọmọ náà. Nínú ìtàn tirẹ̀, alásè Prospero jáde lọ ra ata ní ọjà. Nígbà tó padà dé, wọ́n ti jó ilẹ̀kùn pa. Ó kọ́ àtíbàbà sí ìta ògiri, ó ń gbé níbẹ̀ fún oṣù márùn-ún, ó ń wo iná tó ń ti ara gíláàsì fèrèsé jáde, búlúù níwájú, pupa lẹ́yìn pátápátá. Ní òru ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí ìlù dákẹ́, kò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó rí i tí iná ojú fèrèsé ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn, ó rọra di ata rẹ̀ sínú ewé, ó dìde, ó ń wá ilé tí wọn yóò ti fún un ní ẹ̀yinná.